Mirrorless nínú họ́ọ̀lù: ìlà dúdú ń gba ara fọ́tò kọjá, ṣé kámẹ́rà ló bàjẹ́ ni?

ỌmọMọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó òpin ọ̀sẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara dà á. Nikon D7100 ni mo ń lò látìgbà tí mo ti ṣe fúríídọ̀mù, òun pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm f/1.8D kan àti 18-140, òde ni mo máa ń lọ jù, ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, bó bá ṣe wá. Kámẹ́rà yẹn ò ṣẹ̀ mí o, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lóde báyìí mirrorless, kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, ló wà lọ́rùn wọn, àwọn kọ́sítọ́mà pàápàá ti ń bi mí pé "ṣé ẹ̀yin náà ní Sony?" bí ẹni pé Sony ló ń ya fọ́tò fúnra ẹ̀. Ni mo bá yá Sony A7 III ọ̀rẹ́ mi kan lọ síbi ìgbéyàwó kan kí n fi dán an wò ná kí n tó da owó mi síta.

Èyí tí mo yà níta láàárọ̀, lójúude bàbá ìyàwó, ó dáa ju ohun tí mo rò lọ, kámẹ́rà yẹn ń lé ẹyinjú èèyàn kiri fúnra ẹ̀ ni, mi ò ṣe wàhálà kankan. Àfi bá a ṣe wọ họ́ọ̀lù. Ìlà dúdú ńlá ńlá ló ń gba ara fọ́tò kọjá ní ìbú, láti etí kan dé èkejì, fọ́tò kan á ní in, èyí tó tẹ̀ lé e ò ní ní, òmíràn apá òkè á mọ́lẹ̀ apá ìsàlẹ̀ á ṣú. Fílàṣì Godox tí ọ̀rẹ́ mi kó fún mi mọ́ ọn náà kọ̀, kò tàn rárá, mo yọ ọ́ mo dá a padà, mo pààrọ̀ bátìrì ẹ̀, pàbó. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ìyá ọkọ, wọ́n wọ léèsì funfun báláú, gèlè funfun, ìgbà tí mo délé tí mo ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù, léèsì yẹn ti di àwọ̀ eérú, ojú màmá sì ṣókùnkùn.

Ó yá, ṣé kámẹ́rà yẹn ló bàjẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi ò mọ̀? Báwo lẹ ṣe ń ya ẹni tó dúdú tó wá wọ funfun? Tí mo bá sì máa rà, ṣé A7 III náà ni àbí kí n mú Nikon Z6 torí lẹ́ńsì tí mo ti ní nílẹ̀? Ẹ má kàn wí fún mi pé kí n padà lọ kọ́ṣẹ́ o, mo ti kọ́ ọ 😂

Lẹ́ńsìLójú

Kámẹ́rà ò bàjẹ́, jẹ́ kọ́kàn ẹ balẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ẹ́: nígbà tó ò ń tẹ̀ ẹ́, ṣé ó ń dún? Mo lè fi ọrùn mi dúró pé kò dún. Ọ̀rẹ́ ẹ ti tan Silent Shooting sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ti lò ó gbẹ̀yìn níbi tí pásítọ̀ ò ti fẹ́ ariwo.

Tó bá ti wà ní silent, ṣọ́tà tó máa ń ṣí tó ń pa níwájú sensọ̀, ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, ò ṣiṣẹ́ mọ́ nìyẹn, sensọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń ka àwòrán, kò dẹ̀ lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà, láti òkè ló ti ń kà á bọ̀ nísàlẹ̀ ní ìlà ìlà. Iná LED inú họ́ọ̀lù ńkọ́, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kì í dúró sójú kan, ńṣe ló ń mọ́ tó ń rẹlẹ̀. Iná Nàìjíríà 50Hz ni, ìyẹn ni pé ìgbà 100 nirú iná bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà tí sensọ̀ bá kà nígbà tí iná mọ́, á mọ́, èyí tó bá kà nígbà tí iná rẹlẹ̀, á ṣú, ibẹ̀ ni gbogbo ìlà dúdú yẹn ti wá. Fílàṣì tó kọ̀ náà, bàbá kan náà ló bí wọn, lórí A7 III tó o bá ti wà ní silent, fílàṣì ò ní tàn láéláé, o ò bá pààrọ̀ bátìrì ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nítorí náà wọ mẹ́nù, pa Silent Shooting, kó o wá tan Anti-flicker Shoot, ó wà lórí A7 III, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó dúró de ìgbà tí iná bá mọ́ jù kó tó yà. Lẹ́yìn náà kó o gbé shutter speed, ìyẹn bí ìgbà tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ ṣe pẹ́ tó, sí 1/100 tàbí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá, torí ní 1/100 ìlà kọ̀ọ̀kan á gba ìmọ́lẹ̀ àti ìrẹ̀lẹ̀ iná yẹn pé lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ á wá dọ́gba. 1/250 láìsí fílàṣì lábẹ́ LED burúkú, wàá kàn máa ṣe kírékíré ni. Ẹ tún rántí pé tí wọ́n bá ti pa NEPA tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ dìde, tí ẹ́síì pọ̀ lórí ẹ̀, 50 yẹn lè má dúró ní 50 mọ́, torí náà tún ya fọ́tò kan méjì wò kó o tó máa bá ìnáwó lọ.

Ti skríìnì LED ńlá tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn ìjókòó tọkọtaya àti ti iná aláwọ̀ DJ yàtọ̀ o. Àwọn yẹn ń ṣẹ́jú kíákíá ju 100 lọ dáadáa, Anti-flicker A7 III ò mọ̀ wọ́n, 100 àti 120 nìkan ló mọ̀. Níbẹ̀ máa dín shutter kù díẹ̀díẹ̀ kó o máa wo fọ́tò títí ìlà á fi parẹ́. A7 IV tó jáde ní 2021 ní èyí tó o ti lè tún shutter speed ṣe ní wínníwínní títí á fi bá iná yẹn mu, ṣùgbọ́n owó ìyẹn náà kì í ṣe kékeré.

ỌmọMọ́kọ́lá

Yéè! Òótọ́ ni o sà, kò dún rárá, mo tiẹ̀ ń yìn ín lọ́kàn mi pé kámẹ́rà yìí mà jẹ́ẹ́ 😩. Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 1/100, ijó ńkọ́? Àwọn tó ń jó lọ sọ́dọ̀ olórin, ṣé apá àti ẹsẹ̀ wọn ò ní di ìkùukùu?

ÌyáFílàṣì

Ibẹ̀ ni fílàṣì ti ń jẹ orúkọ ẹ̀, àbúrò mi. Ìmọ́lẹ̀ fílàṣì kì í pẹ́ tó 1/1000 nígbà tó o bá dín agbára ẹ̀ kù, tó bá jẹ́ òun ló ń tan ẹni tó ń jó jù, òun ló máa dá a dúró pa, 1/100 tó wà lórí kámẹ́rà kàn ń gba iná họ́ọ̀lù wọlé lẹ́yìn ni. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé 1/250 ni wọ́n máa ń fi sí títí ìnáwó á fi parí, òótọ́ ni pé A7 III lè bá fílàṣì ṣiṣẹ́ dé 1/250, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn á ṣú pátápátá, tọkọtaya á dúró bí ẹni tó wà nínú kòtò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti náwó ńlá sórí òdòdó àti iná tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹni tó sanwó dẹkọréṣọ̀n fẹ́ rí dẹkọréṣọ̀n nínú fọ́tò ẹ̀ o. Èmi 1/100, f/4 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), ISO 1600 (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tó) ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, mo wá ń tún fílàṣì ṣe láti ibẹ̀.

Mirrorless tún ní nǹkan kan tó máa dà yín láàmú níbí. Ohun tẹ́ ẹ bá rí nínú ojú-ìwòye ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó máa wà nínú fọ́tò ló ń fi hàn yín, ó dáa fún ìta, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé fílàṣì ń bọ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá wà ní manual gbogbo ẹ̀ á dúdú kirikiri, ẹ ò ní rí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Ẹ wọ Live View Display, ẹ fi sí Setting Effect OFF nígbà tẹ́ ẹ bá ń lo fílàṣì. Tẹ́ ẹ bá jáde síta, ẹ dá a padà.

Wàyí o, ẹ dákun ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọjú fílàṣì sókè àjà nínú gbogbo họ́ọ̀lù. Àjà yẹn ga, wọ́n sì ti fi aṣọ aláwọ̀ pọ́pù àti pínkì ta á kan. Ìmọ́lẹ̀ tó bá rìn ní ìlọ́po méjì ọ̀nà, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa ṣẹ́ kù, ẹ wá fún un ní kó gun òkè lọ kó tún sọ̀kalẹ̀ padà, ohun tó máa délẹ̀ ò tó nǹkan, pọ́pù yẹn náà ló sì máa gbé bọ̀ lójú ìyàwó. Bátìrì fílàṣì á kú kí wọ́n tó gé kéèkì. Tí ògiri funfun bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ kọjú ẹ̀ sí ògiri. Tí kò bá sí, ẹ gbé fílàṣì kejì sórí stand ní igun ibi ijó, kẹ́ ẹ fi trigger pè é láti orí kámẹ́rà, ẹ gbé e ga kọjá orí gèlè. Ẹ fi àpò píọ̀ wọ́tà kan so ẹsẹ̀ stand yẹn mọ́lẹ̀ o, àwọn ọmọ tó ń he owó nílẹ̀ ò mọ stand yàtọ̀ sí òpó.

Ti màmá tó wọ funfun: kámẹ́rà ò mọ̀ pé léèsì ni. Ohun tí mítà ẹ̀ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ mọ̀ ni pé kí gbogbo nǹkan já sí àwọ̀ eérú ní ìpíndọ́gba. Tí funfun bá kún inú fọ́tò, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á fà á wálẹ̀, léèsì á di eérú, ojú tó dúdú tẹ́lẹ̀ á wá wọlẹ̀ ṣin. Ọkùnrin tó wọ ẹ̀tù tó dúró síwájú ògiri dúdú, á tún ṣe òdìkejì ẹ̀, á tàn án jù. Torí náà tó o bá ti rí funfun tó pọ̀, gbé exposure compensation sókè sí +0.7 tàbí +1, kó o sì tan zebra, fi sí 100+, àwọn ìlà tó ń rìn lórí skríìnì yẹn. Máa gbé ìmọ́lẹ̀ sókè títí zebra á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára léèsì, kó o wá dín in kù díẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú màmá ti máa mọ́ jù láìjẹ́ pé iṣẹ́ ara léèsì bàjẹ́. Kó jẹ́ RAW, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, lo fi yà á, wàá lè gbé ojú sókè sí i nílé.

Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù rèé: má jẹ̀ẹ́ kí àárín ìmọ́lẹ̀ bọ́ sára aṣọ. Gbé fílàṣì ga, kó o yí i díẹ̀ kó jẹ́ etí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ló máa kan aṣọ, kí ojú gba èyí tó pọ̀. Ara dúdú ò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò, ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ ló fẹ́, tó wá láti ẹ̀gbẹ́, kó lè máa dán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lókè imú. Fílàṣì tó kọjú síni tààrà, iwájú orí nìkan ló máa ń dán bí àwo. Ẹ máa mú tíṣù dání fún òógùn. Nítorí Ọlọ́run, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bóra fún èèyàn nínú Lightroom, màmá tó dúdú ẹ jẹ́ kí wọ́n dúdú.

Adé_Peckham

Ẹ̀gbọ́n ÌyáFílàṣì, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, níbí ní London, àwọn họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìpàdé tá a fi ń ṣe òde, àjà wọn rẹlẹ̀, funfun ni wọ́n kùn ún, ẹ kọjú fílàṣì sókè kó dáa gan-an, ìdí tí àwọn òyìnbó YouTube fi ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn, irú yàrá yẹn ni wọ́n wà. 50Hz náà ni iná tiwa, 1/100 ń ṣiṣẹ́. Àbúrò mi tó wà ní Houston ló ní kò bá òun lára mu, mo ní Amẹ́ríkà 60Hz ni, kó lọ fi sí 1/60 tàbí 1/125.

BàbáDákúrúùmù

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ. Ìyá Fílàṣì, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi parí yẹn dùn mọ́ mi. Láyé fíìmù, káàdì tí Kodak fi ń ránṣẹ́ sáwọn ilé tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò aláwọ̀ kí wọ́n lè fi tún àwọ̀ ṣe, obìnrin òyìnbó ló wà lórí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara tiẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rọ ń bá ṣe. Àwa tí ara wa ò rí bẹ́ẹ̀, a ní láti fọgbọ́n ṣe tiwa. Seydou Keïta ní Bamako, ìta gbangba nínú àgbàlá ẹ̀ ló ti ń yà wọ́n púpọ̀, pẹ̀lú oòrùn, tó ta aṣọ sẹ́yìn wọn, ẹ lọ wo ara àwọn èèyàn yẹn bó ṣe mọ́ tó.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹ lórí iná, gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ bi ẹ́, níbo lo dúró sí? Yashica 124G ni èmi fi ṣiṣẹ́, fíìmù 120, fọ́tò 12 ló wà nínú ẹ̀, méjìlá péré, torí náà kó o tó tẹ bọ́tìnnì o ti ní láti mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Mo máa ń wo ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí níbi ẹ́ńgéèjì. Tí alága bá ní kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dọ̀bálẹ̀, gbogbo yín á sáré lọ dúró sẹ́yìn wọn, ẹ̀yin mẹ́fà, pẹ̀lú ẹlẹ́rọ fídíò méjì, ohun tẹ́ ẹ máa gbé délé ni ìdí àti àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Kí lẹ fẹ́ fi bàtà ṣe? Kó tó kàn wọ́n, lọ bá alága ìjókòó, kí wọn, bi wọ́n léèrè ibi tí àwọn òbí ìyàwó máa jókòó sí, kó o wá lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá ìyàwó, kámẹ́rà nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n orúnkún. Láti ibẹ̀ wàá rí ojú wọn nígbà tí wọ́n bá gbórí sókè, ọkọ tó ń sapá kó má rẹ́rìn-ín, èyí tí fìlà ẹ̀ ti ṣí bọ́ sílẹ̀, èyí tó jẹ́ pé agbádá ẹ̀ ti bo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí. Ibí ni mo ti máa gbà fún mirrorless yín, skríìnì yẹn tó ń ṣí sókè, téèyàn lè wò ó látòkè láìfi àyà balẹ̀, orúnkún mi ìbá dúpẹ́ ká ní ó wà nígbà tèmi. Má sì fi f/1.8 yà á o, wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn ni, f/5.6 ó kéré tán, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọkọ nìkan ló máa mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ tó wọkọ̀ láti Àkúrẹ́ á di ìkùukùu.

Ti gèlè náà wà níbẹ̀. Ẹ yé gé orí gèlè! Obìnrin san owó fún ẹni tó wé e, ó ti jókòó sójú kan fún un, ẹ wá gé ibi tó dáa jù dànù torí pé ẹ fẹ́ kí ojú kún fọ́tò. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ lo lẹ́ńsì gígùn, 85mm, ìyẹn 50mm lórí D7100 ẹ yẹn náà ò jìnnà sí i torí sensọ̀ ẹ̀ kéré, torí tẹ́ ẹ bá fi lẹ́ńsì fífẹ̀ súnmọ́ ọn jù gèlè á fà gùn lọ ségbẹ̀ẹ́ kan. Kẹ́ ẹ sì rìn yí i ká. Bàbá J.D. 'Okhai Ojeikere, tó ṣiṣẹ́ dákúrúùmù ní Ìbàdàn níbí ní 1954 ní Mínísírì Ìròyìn, 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin, ẹ lọ wò ó, àìmọye nínú ẹ̀ ẹ̀yìn orí ni, ẹ̀yìn kan ṣoṣo lásán pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ lẹ́yìn ẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ onídìrí wà. Gèlè náà bẹ́ẹ̀ ni, ìṣẹ́po ẹ̀ tó wà lẹ́yìn, ya ìyẹn náà fún wọn. Kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kí ọwọ́ òfì lè hàn.

Tó bá jẹ́ ìta, ẹ ṣọ́ kánópì. Abẹ́ kánópì búlúù, ojú gbogbo èèyàn á di búlúù, ẹ ò ní mọ̀ títí ẹ máa fi délé. Abẹ́ igi máńgòrò á di ewé. Ẹ pe wọn wá sí etí kánópì, kí wọ́n kọjú síta, kí ẹsẹ̀ wọn má kan oòrùn.

Lẹ́ńsìLójú

Bàbá, ẹ kú àgbà, ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ti fọ́tò méjìlá yẹn mi ò lè gbà. Ìdọ̀bálẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ẹnì kan á ti ṣẹ́jú, ẹnì kan á ti yí orí. A7 III ń ya 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú ẹ̀ gbogbo ojú á là. AF-C pẹ̀lú Eye AF, kí kámẹ́rà máa lé ojú, kí èmi máa wo etí fọ́tò. Òun ni mo fi ń jẹun.

BàbáDákúrúùmù

Ta ló máa yàn wọ́n? Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fọ́tò lẹ máa ń kó délé láti òde kan, kọ́sítọ́mà á máa pè yín láàárọ̀ lálẹ́, ẹ ní ẹ ṣì ń yàn án. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbéyàwó á ti ń rìn kí álíbọ́ọ̀mù tó jáde 😄

Lẹ́ńsìLójú

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìròyìn mi sà 🤣🤣 Mo ṣì ń jẹ gbèsè álíbọ́ọ̀mù méjì bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

ỌmọÌkẹjà

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti rírà, òun ni kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀gbẹ́ni, Z6 dáa o, 2018 náà ni wọ́n gbé e jáde, ṣùgbọ́n torí lẹ́ńsì ẹ kọ́ ni kó o ṣe rà á. 50mm f/1.8D ẹ yẹn, "D" tó wà lórúkọ ẹ̀, kò ní mọ́tọ̀ nínú, mọ́tọ̀ inú D7100 ló ń yí i. FTZ tí wọ́n fi ń so lẹ́ńsì Nikon àtijọ́ mọ́ Z ò ní mọ́tọ̀ yẹn, ìyẹn ni pé ọwọ́ ni wàá máa fi yí fókọ́ọ̀sì láàárín àwọn tó ń jó. 18-140 á ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀, mọ́tọ̀ wà nínú ẹ̀, àmọ́ kò ní lo gbogbo sensọ̀, torí sensọ̀ kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Z6 tún jẹ́ ihò káàdì kan ṣoṣo, irú káàdì tí wọ́n ń pè ní XQD, lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta XQD kó o wá padà wá sọ fún wa. A7 III ní ihò SD méjì, tó o bá ń ya ìgbéyàwó tí wọn ò lè tún ṣe, kí fọ́tò máa wọ káàdì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Káàdì ayédèrú kún ọjà, ra á, gbé e sí láptọ́ọ̀pù kó o fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dán káàdì wò, kún un tán kó o tó gbé e lọ òde, ayédèrú tó ní òun jẹ́ 128 á jẹ́wọ́.

Tó o bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, mú káàdì tìẹ àti fílàṣì tìẹ dání lọ. Ti fílàṣì pọn dandan torí ibi tí wọ́n ń fi fílàṣì sí lórí Sony máa ń ní àwọn irin tín-ín-rín tó lè ti tẹ̀, kámẹ́rà á máa yà dáadáa ṣùgbọ́n fílàṣì ò ní tàn, lọ́tẹ̀ yìí kì í wá ṣe silent 😅. Dán ihò káàdì méjèèjì wò. Gbé aperture sí f/16, ya ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun, fẹ̀ ẹ́ wò, bí àbàwọ́n dúdú bá wà eruku ló wà lórí sensọ̀, ìyẹn ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìlà tó há, ìyẹn sensọ̀ ti họ, máa lọ. Shutter A7 III, nǹkan bíi 200,000 ni wọ́n ní ó lè yà, èyí tó ti ya 180,000 má sanwó tuntun lórí ẹ̀. Tún ṣí mẹ́nù kó o wo èdè. Àwọn kan nínú Sony tó wá láti Japan, èdè Japan nìkan ló wà nínú wọn, kò sí bó o ṣe lè yí i sí Gẹ̀ẹ́sì nínú mẹ́nù, ẹni tó ń tà á á máa sọ pé "ẹ kàn lọ sétíìnì", irọ́ ni. Kí ẹni tó ń tà á fún ẹ ní rìsíìtì tó ní nọ́ńbà kámẹ́rà lára, ti ọlọ́pàá ò ṣeé fẹnu sọ.

Ká sọ òótọ́ ṣá, tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, fílàṣì méjì pẹ̀lú trigger ni màá kọ́kọ́ rà sórí D7100 yẹn. Gbogbo ohun tí Ìyá Fílàṣì sọ lórí bí wọ́n ṣe ń kọjú fílàṣì àti bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí stand, D7100 lè ṣe é. Lẹ́yìn òde bíi mélòó kan owó A7 III á ti jáde, wàá sì ti mọ iná lò. Ìgbà yẹn wàá tún ra bátìrì kún un o, bátìrì A7 III dáa láàárín àwọn mirrorless, 710 fọ́tò ni wọ́n kọ fún un tó o bá ń lo skríìnì, ṣùgbọ́n D7100 ẹ ń ṣe 950, ojú mirrorless kì í sùn, ó ń jẹ iná ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn.

ỌmọMọ́kọ́lá

Ẹ̀yin àgbà mi, mo dúpẹ́ gan-an, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Fílàṣì ni màá kọ́kọ́ rà, mo ti pinnu, A7 III á tẹ̀ lé e, tí Ọlọ́run bá fẹ́. Ohun kan ló kù: nígbà tí mo ń pààrọ̀ lẹ́ńsì lórí ti ọ̀rẹ́ mi, mo kàn rí sensọ̀ ní gbangba báyìí, kò sí dígí tó bò ó bíi ti D7100. Ọ̀yẹ́ ń bọ̀, ní Ìbàdàn ẹ mọ bí eruku ṣe máa ń rí, kí ni mo máa ṣe?

ÌyáFílàṣì

Pa kámẹ́rà kó o tó ṣí i, kọjú ẹ̀ sílẹ̀, kí lẹ́ńsì kejì ti wà lọ́wọ́ ẹ pẹ̀lú ìdérí ẹ̀yìn ẹ̀ tó ti tú, kó má pẹ́ ní ṣíṣí. Kọjú sí ògiri tàbí wọnú mọ́tò, má ṣe é lójú títì. Canon EOS R máa ń pa ṣọ́tà ẹ̀ dé tó o bá ti pa iná ẹ̀, A7 IV náà ní in nínú mẹ́nù, ti A7 III ò ní, ihòòhò ló máa ń wà. Ra rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́, fi fẹ́ inú ẹ̀ ní ìdọ̀bálẹ̀ kámẹ́rà kí eruku lè jábọ́. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ o, itọ́ tó bá ta sí i burú ju eruku lọ. Lóde tí eruku bá pọ̀, èmi kì í pààrọ̀ lẹ́ńsì rárá, D7100 á wà lọ́rùn mi pẹ̀lú lẹ́ńsì kejì, torí náà má tà á nígbà tó o bá ra tuntun.